Ọkọ̀ Kan, Ìbò Kan

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà kónílé-ó-gbélé á rántí pé lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ìlú padà, tí ọjà Èjìgbò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ni ọ̀rọ̀ dáàmù wa di ariwo. Dáàmù tí mò ń wí ni èyí tó wà láàárín oko àwọn ará Ọ̀là àti ti àwọn ará Ìsùndúnrìn. Ìjọba gbẹ́ ẹ kí á lè rí omi ẹ̀rọ mu. Omi ẹ̀rọ náà ò dé ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa títí di òní, ṣùgbọ́n ẹja dé, ẹja sì sọ wá di ènìyàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ wá bá mi nílé. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé ẹgbẹ́ apẹja dìde padà, kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé yín, kí n wá sọ bí a ṣe bá ìjọba jà tí a fi borí. Ẹ pè mí ní àgbà ajàfẹ́tọ̀ọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n gbé omi tútù wá fún yín, ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Bí mo bá dúró síwájú yín, mo mọ ara mi, màá kàn fi àwàdà bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Múráínà ni orúkọ mi. Tọ́ńtọ̀n tí ẹ̀yin ọmọdé ń pè mí, ọ̀dọ̀ àwọn ará Kodifúà ni mo ti gbé e bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n àti bàbá lọ́hùn-ún nìyẹn. Ìlú kékeré kan létí òkun ni mo gbé, mẹkáníìkì ni mí, ẹ̀rọ tí àwọn apẹja ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni mo ń tún ṣe. Nítòsí ibẹ̀, apá kan wà lójú òkun tí ìjọba ti dá sí. Ọkọ̀ ńlá kankan ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Wọn ò lé àwọn apẹja kéékèèké dànù, àwọn gan-an ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Àwọn ló ń sọ ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da àwọ̀n sí nígbà tí ẹja bá ń yé, àwọn ló ń wo ojú àwọ̀n bóyá ó fẹ̀ tó, àwọn ló sì ń dá ẹjọ́ ẹni tó bá rú òfin. Kòmìtéè ni wọ́n ń pe ìgbìmọ̀ náà. Mo máa ń jókòó tì wọ́n bí mo bá ti tún ẹ̀rọ wọn ṣe tán, mo sì ń gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Nígbà tí mo padà sílé tí mo bá wọn ń pẹja ní dáàmù, ọ̀rọ̀ kòmìtéè yìí ni mo fi ń gbéra ga. Kò sí ẹni tí n kò ròyìn rẹ̀ fún. "Ní ìlú àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni mo ti rí i o," ni mo máa ń wí, gbogbo ojú á sì yí sí mi. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́.

Dáàmù wa náà ní ibi tó yẹ kí á dá sí. Lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí omi ò ti jìn, tí eèsún àti koríko odò ti kún, ibẹ̀ ni epìyà àti àrọ̀ ti ń yé. Ilé-ọmọ ni àwọn obìnrin tó ń dẹ ìgèrè ń pè é, kí èmi tó ti Kodifúà dé rárá. Etí ibẹ̀ ni wọ́n ń dẹ ìgèrè wọn sí, wọn kì í wọ inú rẹ̀. Ìgèrè, fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́, ni apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́nu gbòòrò tí wọ́n fi ọ̀pá hun. Bí ẹja bá ti wọ̀ ọ́, kò lè jáde mọ́. Obìnrin wa kì í ní ọkọ̀. Ọkùnrin ló ń tukọ̀, obìnrin ń dẹ ìgèrè létí omi, ó ń yan ẹja, ó ń tà á. Bí a ṣe bá a nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀.

Lójijì ni àwọn aláṣẹ ìjọba tó ni dáàmù dé pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ní dáàmù ti di àdásí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ síbẹ̀ mọ́. Wọ́n kó ọkọ̀ wa, wọ́n kó àwọ̀n wa. Àwa ọkùnrin ń ṣe ìpàdé. A ṣe ìpàdé ní Ọ̀là, a ṣe é ní Ìsùndúnrìn, a bú ìjọba dáadáa, a sì ń padà lọ sùn.

Ìyá Sàfú ló gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu wa. Opó ni wọ́n, wọ́n jù mí lọ dáadáa, orí ẹja yíyan ni wọ́n ti tọ́ gbogbo ọmọ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn gbé ààrò àti àtẹ tí wọ́n fi ń yan ẹja, wọ́n gbé e lọ sí ẹnu géètì ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ nígboro Èjìgbò, wọ́n dá iná sí i. Igi tútù ni wọ́n fi dá a. Kò sí ẹja kan ṣoṣo lórí àtẹ. Èéfín bo ibẹ̀, ó gba ojú fèrèsé wọlé bá àwọn ọ̀gá. Ọ̀kan nínú wọn jáde, ó ń wúkọ́, ó ń nu ojú.

"Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ ń yan níbí?"

Ìyá Sàfú ò dìde lórí àpótí wọn. "Ẹja tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa ni, ọ̀gá. Iná ti dáa. Ẹ bá wa gbé e síta."

Àwọn ọlọ́kadà tó dúró bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà alára ò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin náà padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún lọ lọ́jọ́ kẹta. Àwọn télọ̀ tó wà níwájú géètì, tí èéfín ti ba aṣọ oníbàárà wọn jẹ́, dípò kí wọ́n bínú, wọ́n ń bá wọn ṣẹ́ igi. Ìgbà náà ni ojú ti àwa ọkùnrin, tí a tó lọ dúró lẹ́yìn wọn. Èmi ni mo bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn aláṣẹ ní kí á wá jókòó. Mo sọ ti kòmìtéè fún wọn, mo sọ ti òkun tí a dá sí, ẹnu mi ń dán. Ní ìkẹyìn wọ́n gbà, wọ́n dá ọkọ̀ àti àwọ̀n wa padà. Wọ́n ní kí á lọ máa ṣọ́ dáàmù wa fúnra wa, kí a dìbò yan ìgbìmọ̀, ohun tí ìgbìmọ̀ bá sọ nípa Ilé-ọmọ ni abẹ gé.

A dáwọ̀ọ́ ìdùnnú. Wọ́n gbé mi sókè ní èbúté. Àwọn obìnrin náà ń gbé ààrò wọn padà lọ sílé lórí, eérú wà ní gbogbo ara wọn.

Èyí tó kàn ni òfin ìdìbò, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ẹ̀rù tó ń bà wá ni àwọn ará ìgboro. Àwọn olóṣèlú lè kó èrò wá dìbò lórí omi tí wọn ò fọwọ́ kàn rí. Èmi ni akọ̀wé. Mo dìde, mo ní, "Ọkọ̀ kan, ìbò kan. Lọ́jọ́ ìbò, kí kálukú wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sórí ilẹ̀ ní èbúté, kí ó dúró tì í pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ò ní ọkọ̀, kí ló ń wá níbẹ̀?"

Ariwo ìyìn sọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kà á sókè, gbogbo wa fọwọ́ sí i. Kò sí ọkùnrin kan nínú wa tó rántí pé àwọn tó fi èéfín gba dáàmù padà ò ní ọkọ̀. Èmi tí mo rí kòmìtéè àwọn ará òkun pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, mo mọ̀ pé àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní ìjókòó níbẹ̀, pé ohùn wọn ló máa ń le jù bí wọ́n bá ń dá ẹjọ́ ẹni tó kó ọmọ ẹja. Mo rí i. Nínú gbogbo ìròyìn tí mo ń fi ẹnu rò káàkiri, ibẹ̀ ni n kò fi kún un.

Àwọn méjì ló dupò alága. Alàgbà Jóṣúà jẹ́ àgbẹ̀ láti Ọ̀là, ó ń pẹja bí iṣẹ́ oko bá dín kù. Ó ní Ilé-ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní títì. Ẹnì kejì ni Làmídì, ọ̀rẹ́ mi láti Kodifúà, tó kó owó bọ̀, tó ń ta àwọ̀n. Ó ní kí á ṣí gbogbo omi sílẹ̀, pé ebi ò mọ ọjọ́ tí ẹja ń yé. Alàgbà ni àwa tó pọ̀ jù nínú àwọn ọlọ́kọ̀ wà lẹ́yìn. Ọkàn wa balẹ̀. A ti so aṣọ pupa mọ́ oparun yí Ilé-ọmọ ká kí ìbò tó wáyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, lọ́rì dé sí èbúté, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀. Àwọn kan, igi wọn ṣì funfun, wọn ò tíì kùn wọ́n lọ́dà. Àwọn mìíràn ti jẹrà, wọ́n fi páànù lẹ ìdí wọn. Àwọn ọlọ́kadà àti àwọn bíríkìlà ló dúró tì wọ́n. Ọ̀kan di àjẹ̀ mú ní òdì, ó gbé ibi pẹrẹsẹ rẹ̀ sábẹ́ abíyá.

Mo lọ bá Làmídì. "Làmídì, àwọn wo nìyí? Àwọn ọkọ̀ yìí ò mọ omi."

"Òfin ta ni a fi ń dìbò, Múráínà?"

"Tiwa."

"Ẹnu ta ló ti jáde? Kà á sókè kí ayé gbọ́."

Mo kà á.

"Ṣé o gbọ́ ibi tó ti ní kí ọkọ̀ mọ omi?" Ó na ọwọ́ sí àwọn ọkọ̀ rẹ̀. "Ọkọ̀ rè é, àjẹ̀ rè é. C'est fini, ó ti parí, ọ̀rẹ́ mi."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé mo jẹ̀bi, ohun tó ń dùn mí ni pé ó fi òfin mi mú mi.

Àárín ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin náà dé. Gbogbo wọn ru ìgèrè. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ìrun Yídì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá dìbò. Ìyá Sàfú ló ṣíwájú. Wọ́n wo ọ̀wọ́ ọkọ̀ ti Alàgbà Jóṣúà lápá ọ̀tún, wọ́n wo ti Làmídì lápá òsì, wọ́n sì kọjú sí mi.

"Múráínà, níbo ni ká dúró sí?"

N kò lè wo ojú wọn. Ìgèrè tó wà lórí wọn ni mo ń wò.

"Ẹ jọ̀wọ́, Mọ̀mọ́," ni mo wí, "ẹni tó bá ní ọkọ̀ nìkan ni."

"Ṣé ọkọ̀ la fi dá iná níjọ́sí?"

Alàgbà Jóṣúà sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró. Ìgèrè kan, ìbò kan. Ta ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ omi ni wọ́n ń ṣe?"

Làmídì gbọ́ ọ. "Tí ẹ bá yí òfin padà níwájú mi báyìí, a ò dìbò mọ́ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ni màá gbà lọ."

Ǹ bá ti jẹ́ kó lọ. Ǹ bá ti ní kí á fi ìbò náà sí ọjọ́ mìíràn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé wọ́n máa sọ pé Tọ́ńtọ̀n kò lè pa òfin tirẹ̀ mọ́, ẹni tó ń fi kòmìtéè àwọn ará òkun yangàn. Mo ní, "Òfin ni òfin." Ohùn tí mo fi sọ ọ́, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ìyá Sàfú ò bú mi. Wọ́n yí padà, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn, wọ́n lọ dúró sínú koríko lẹ́yìn wa, níbi tí a máa ń so ewúrẹ́ mọ́. Ìgèrè wọn ò kúrò lórí wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá lójú mọ̀ pé bí wọ́n bá dúró sápá ọ̀tún ni, Alàgbà ló máa wọlé. Kí a tó parí kíka ọkọ̀ ni wọ́n ti lọ.

Làmídì ló wọlé. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fa oparun àti aṣọ pupa tu.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹja pọ̀ débi pé àwọn ènìyàn ń bú wa, wọ́n ní ohun tí a fi pa mọ́ fún wọn nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n kó nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wọ Ilé-ọmọ. Ẹja tí wọ́n ń kó jáde ò tó ìka ọwọ́. Wọ́n ń bu ọmọ ẹja fún adìyẹ jẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, kò sí nǹkan mọ́. O lè da àwọ̀n kí o fà á sókè, ewé lásán ni. Làmídì ta àwọn ọkọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igi ìdáná, ó padà sí Kodifúà. Alàgbà Jóṣúà gbájú mọ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Èmi padà sídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀kadà ni mò ń tún ṣe báyìí.

Ìyá Sàfú ń ta ẹja inú yìnyín ní Èjìgbò. Ẹja òkun ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti etí òkun tí mo ti gbé náà ni wọ́n ti kó o. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ sí mọ́sáláṣí, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà kí n má bàa kọjá níwájú wọn. Ojú ń tì mí. Kì í ṣe nítorí pé a fìdí rẹmi. A ti fìdí rẹmi rí nínú ìjà mìíràn, mo sì ń rìn gbangba. Èyí tí a jà fún ni a gbà, lọ́wọ́ ìjọba, láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwa fúnra wa la ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá wa ṣí i. Wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Orí ẹgbẹ́ wa la ní kó lọ dúró sínú koríko.

Nígbà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wá bá mi, tí ẹ ní ẹ fẹ́ ti Ilé-ọmọ padà kí ẹja lè pọ̀, mo bi yín léèrè bí ẹ ṣe fẹ́ yan ìgbìmọ̀ yín. Ọ̀kan nínú yín dá mi lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, pé, "Bí ẹ ṣe kọ́ wa náà ni, Tọ́ńtọ̀n. Ọkọ̀ kan, ìbò kan." Ẹ rò pé inú mi máa dùn. Mo gbé ife omi mi kalẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo gba ọ̀nà iwájú. Ìyá Sàfú ń fi ọ̀bẹ ya yìnyín kúrò lára ẹja. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

"Dìde, aṣọ rẹ á tutù. Èwo lo fẹ́ rà?"

"Mi ò wá rajà, Mọ̀mọ́. Àwọn ọmọ kan fẹ́ ti Ilé-ọmọ padà. Mo fẹ́ kí ẹ wá. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

"Ti ìbò níjọ́sí?"

"Ti ìbò náà ni. Mo ṣe yín níkà."

Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n wọ ẹ̀yìn ilé. Mo rò pé wọ́n ti lé mi nìyẹn. Wọ́n gbé ìgèrè kan jáde. Wọ́n ti ń fi í dé adìyẹ, ìyẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀bẹ̀ yẹn, mo gbà á. Àmọ́ n kò tún ní wọṣọ jáde kí n wá máa bèèrè ibi tí màá dúró sí lọ́wọ́ ọmọ tí mo jù lọ. Gbé e lọ. Ibi tí ẹ bá fẹ́ ká dúró sí, ẹ gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Bí mo bá kọjá ní èbúté tí mo rí i, màá pe àwọn tó kù."

Mo gbé ìgèrè náà la ìgboro kọjá. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń bi mí bóyá mo ti padà sójú omi.

Pálọ̀ mi ló wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ẹ jókòó sí níjọ́sí. Ẹ ní ìpàdé yín di Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ̀rọ̀ láàárín ara yín, kí ẹ yanjú ẹni tó ní ìbò. Bí ẹ bá ti pinnu ibi tí wọn yóò gbé ìgèrè yìí kalẹ̀ sí, láàárín àwọn ọkọ̀, kì í ṣe nínú koríko, ẹ ránṣẹ́ sí mi, màá rù ú wá fúnra mi. Bí kò bá sí àyè fún un níbẹ̀, ẹ má pè mí wá sọ̀rọ̀. N kò ní ohun mìíràn tí mo lè kọ́ yín.